Èròjà ewé lágbára, kí ló dé tí kì í wọ inú ẹ̀dọ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Òṣogbo
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítorí iṣẹ́ tuntun tó fẹ́ gbà, wọ́n ní ó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B). Dókítà ti kọ oògùn tí wọ́n ń pè ní tenofovir fún un, ó sì ní kó máa padà wá. Àmọ́ ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ti ta kápúsù kan fún un lówó gọbọi. Wọ́n kọ ọ́ sára ike rẹ̀ pé ata ilẹ̀ pupa ni, pé wọ́n ti tún un ṣe kó lè máa lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: ata ilẹ̀ pupa tí à ń rà lọ́jà, kí ni wọ́n ń ṣe sí i tó fi mọ ọ̀nà ẹ̀dọ̀? Àbí irọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á.

Ọmọ_Elewé
Ìyá mi ń ta ewé ní Bódìjà, ìdí igbá ewé ni mo dàgbà sí. Ẹ̀yìn-olobe ni wọ́n ń fún ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bá ń ṣe, tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí èmi. Ta ló tún un ṣe fún wọn? Ẹni tó dá ewé kò ní kí wọ́n wá fi kẹ́míkà kún un. Owó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín.

Apòògùn_Mọ́kọ́lá
Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n. Kí n tó sọ nǹkan kan: kó má dá tenofovir dúró nítorí kápúsù kankan. Bí ènìyàn bá ṣàdédé dá a dúró, kòkòrò tó ń fa àrùn yẹn lè jí dìde, kó sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ó yá, ìbéèrè yín. "Lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀" yẹn ló ń tan ènìyàn. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé mì, tí ìfun bá gbà á, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan ló ń kó o lọ bá ẹ̀dọ̀ kó tó dé ibikíbi. Ata ilẹ̀ pupa mọ ọ̀nà ẹ̀dọ̀ dáadáa. Kò kàn lè débẹ̀ láàyè ni.

Ẹ bu ata ilẹ̀ pupa sínú ife omi, ẹ rò ó, ẹ gbé e kalẹ̀. Yóò sọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ wá bu ú sínú òróró gbígbóná, ẹ ó rí bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe máa tàn káàkiri. Curcumin, ìyẹn èròjà inú rẹ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo, kì í yọ́ mọ́ omi, omi ló sì pọ̀ nínú ìfun. Ìwọ̀nba tó bá ráyè wọlé, ògiri ìfun àti ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ á so irú ṣúgà kan mọ́ ọn lára, wọ́n á sì tì í síta. Ẹ̀dọ̀ tí ẹ ń gbé ẹrù lọ fún, òun náà ni aṣọ́bodè.

Lọ́dún 1998, àwọn olùwádìí ní Bangalore ní Íńdíà fún àwọn ènìyàn ní gíráàmù 2 curcumin. Ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó nǹkan. Wọ́n wá fi mílígíráàmù 20 piperine kún un, iye tó wọ ẹ̀jẹ̀ sì di ìlọ́po 20. Piperine ni èròjà tó ń ta ènìyàn lẹ́nu nínú iyeré wa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o: piperine kò tún curcumin ṣe. Aṣọ́bodè ló di lójú. Àwọn oògùn mìíràn tí ènìyàn ń lò náà lè bá ibẹ̀ kọjá láìsí ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò.

Kí ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ike yẹn? Ẹ bá wa wò ó.

Olóríkunkun
Mo mọ̀ pé ata ni yóò gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí 😂

Kẹ́místì_Ifẹ̀
Ẹ̀gbọ́n Apòògùn ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Àtúnṣe èròjà ewé ni iṣẹ́ tí èmi ń kọ́ nínú láàbù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n pa ata ilẹ̀ pupa tì díẹ̀, kí n sọ ìtàn ewé mìíràn tó yé mi ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ewé ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí ilé rẹ̀ jẹ́ agbègbè òkun Mediterranean. Òyìnbó ń pè é ní milk thistle. Inú èso rẹ̀ ni silymarin wà, èyí tó sì lágbára jù nínú silymarin ni silibinin. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó fún ẹ̀dọ̀ ní Yúróòpù. Ó dáa. Lọ́dún 2012, wọ́n tẹ àbọ̀ àyẹ̀wò kan jáde ní Amẹ́ríkà: ènìyàn 154 tó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C tí oògùn ìgbà náà kò ràn. Wọ́n fún àwọn kan ní mílígíráàmù 420 silymarin, àwọn kan ní 700, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24. Àwọn yòókù gba hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Àbọ̀ rẹ̀? Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tó gba 700 kò sàn ju ẹni tó gba òfìfo lọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá dúró síbẹ̀ á ní ewé náà kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ lọ́dún 2008, àwọn dókítà ní Vienna ti fún àwọn aláìsàn irú kan náà ní silibinin, láti inú iṣan ni wọ́n ti fún wọn, iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́. Èròjà kan náà o! Èyí tí wọ́n gba ẹnu mì kò rí nǹkan ṣe, èyí tó gba inú iṣan dojú kọ àrùn.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe fa ohun tí kò lè yọ́ mọ́ omi sínú abẹ́rẹ́? Ibẹ̀ ni àtúnṣe wà. Wọ́n so succinic acid, irú ásíìdì kan, mọ́ ọn ní ojú méjì. Ìyẹn ní apá kan tó fẹ́ràn omi. Òun ló fa silibinin wọnú omi. Bí ó bá ti wọ ara, ìdè yẹn á já, silibinin á sì padà sí bó ṣe wà.

Bí ó bá dà bí idán lójú yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin tàbí ọmọ yín ti gbà á rí. Artesunate tí wọ́n ń gún fún ibà tó le, ọgbọ́n kan náà ni. Ewé artemisia ni orísun rẹ̀, iṣẹ́ Tu Youyou, onímọ̀ ará Ṣáínà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Artemisinin fúnra rẹ̀ kì í yọ́ mọ́ omi. Wọ́n yí i padà díẹ̀, wọ́n so succinic acid mọ́ ọn, ó di abẹ́rẹ́. Ọmọ_Elewé, ẹni tó dá ewé kò bínú sí ìyẹn.

Ọmọ_Elewé
Ẹ ti lù mí, ẹ tún ń fi artesunate nà mí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Peckham
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín nínú bọ́ọ̀sì. Silibinin alábẹ́rẹ́ yẹn, ní Jámánì wọ́n ń fi dóòlà ẹ̀mí ẹni tó bá ṣèèṣì jẹ olú olóró, Amanita phalloides. Olú yẹn kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ á bì, á yàgbẹ́, ara á tún dà bí ẹni tó ń bọ̀ sípò, ẹ̀dọ̀ á wá kú. Silibinin máa ń dí ilẹ̀kùn tí oró náà ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oògùn ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé, nígbà mìíràn ẹnu ọ̀nà gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Olóríkunkun
Ẹ dúró ná. Gbogbo ohun tí ẹ ti ń sọ láti òwúrọ̀, bí wọ́n ṣe ń mú un yọ́ mọ́ omi ni. Ohun tó yọ́ mọ́ omi á lọ sí ẹsẹ̀, á lọ sí ọpọlọ, á lọ sí ẹ̀dọ̀. Ike ti Àbẹ̀kẹ́ sọ pé TÀÀRÀ. Ǹjẹ́ ohun kankan wà tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀ nìkan?

Kẹ́místì_Ifẹ̀
Olóríkunkun, ìbéèrè tó dáa jù lónìí nìyẹn. Ó wà. Ṣúgà ni.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Gilbert Ashwell àti Anatol Morell ní Amẹ́ríkà ń wádìí protein kan tó ń gbé kọ́pà kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà tò sí ara rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n gé èyí tó wà lórí pátápátá kúrò, èyí tó tẹ̀ lé e, galactose, wá hàn síta. Wọ́n fún ehoro. Protein tí ó yẹ kó pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ pòórá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Wọ́n wá a títí, inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ti bá a.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní nǹkan kan lára bí ọwọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa mú galactose tó bá ń kọjá. Sẹ́ẹ̀lì kan lè ní tó 500,000 irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Agbára káká ló fi ń di ṣúgà kan ṣoṣo mú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá so mẹ́ta pọ̀ bí ẹ̀ka igi mẹ́ta, á dì í mú gírígírí, á sì gbé e mì pẹ̀lú ohunkóhun tí ẹ bá so mọ́ ìdí rẹ̀. Ó tún fẹ́ràn ọmọ ìyá galactose kan tí wọ́n ń pè ní GalNAc ju galactose fúnra rẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Peckham
Á à! GalNAc! Inclisiran nìyẹn, abẹ́rẹ́ kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù. Láti 2021 ni wọ́n ti ń lò ó ní ilé ìwòsàn ìjọba níbí ní Ìlú Ọba. Ẹ̀ẹ̀kan, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún. Èmi ń gún un fún àwọn bàbá àti ìyá lójoojúmọ́, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ehoro wà ní ìdí rẹ̀.

Kẹ́místì_Ifẹ̀
Òun gan-an ni, àǹtí. Inclisiran kì í ṣe ohun tí wọ́n yọ lára ewé, ṣùgbọ́n òun àti abẹ́rẹ́ mìíràn bíi tirẹ̀, givosiran, tó ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019 ló jẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀nà ṣúgà yìí kì í ṣe àlá. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ewé wá ń bi ara wa pé, kí ló dé tí a ò ní so ṣúgà yìí mọ́ èròjà ewé?

Àwọn igi kan tiẹ̀ ti bá wa ṣe é sílẹ̀. Oje igi larch kún fún arabinogalactan, galactose ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi í gbé nǹkan lọ bá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ewé mìíràn tó wúlò ni gbòǹgbò licorice, àdídùn kan tí àwọn ará Japan ti ń fi èròjà rẹ̀, glycyrrhizin, ṣe abẹ́rẹ́ fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹ bá gé ṣúgà tó wà lára glycyrrhizin kúrò, ohun tó kù, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní àyè tó ń gbà á sí. Àwọn kan ń fi í ṣe àsíá sára àpò ọ̀rá kékeré tí wọ́n di curcumin sínú rẹ̀. Ẹ má lọ máa jẹ licorice lójoojúmọ́ o, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fà.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá so ṣúgà mọ́ oògùn, tí ẹ sì gbé e mì, àwọn ẹ́ńsáìmù inú ìfun lè gé e kúrò kó tó jáde lọ rárá. Inclisiran náà kì í gba ẹnu, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ ara ni. Bí ó bá sì wá dé inú sẹ́ẹ̀lì, ìdè náà gbọ́dọ̀ já. Bí kò bá já, ó dà bí kọ̀nténà tó dé Àpápá tí kò sí ẹni tó máa tú u. Ìdè tó lágbára lójú ọ̀nà, tó sì máa rọ̀ nígbà tó bá délé: èyí ni mo fi ń jí ní aago mẹ́ta òru.

Olóríkunkun
Nítorí náà, kápúsù tí ẹnu ń mì, tó ń lọ "tààrà"...

Kẹ́místì_Ifẹ̀
Ẹ ti dá a lóhùn fúnra yín.

Apòògùn_Mọ́kọ́lá
Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, nítorí ọ̀rọ̀ "nano", ìyẹn àpò oògùn tó kéré kọjá ohun tí ojú lè rí, tí wọ́n ń kọ sára ike gbogbo báyìí. Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe yàrá kan ṣoṣo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹ̀dọ̀tí wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Kupffer lorúkọ wọn, tí wọ́n ń gbé ohun àjèjì mì. Èyí tó pọ̀ nínú àpò kékeré tí wọ́n bá fún ènìyàn nínú iṣan, ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ló ń bọ́ sí. Ẹni tó bá wọn ẹ̀dọ̀ á rí oògùn níbẹ̀, á máa yọ̀, nígbà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tí àrùn wà nínú rẹ̀ kò rí nǹkan gbà. Láti kọjá dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì gidi, àpò náà gbọ́dọ̀ gba inú ihò kéékèèké tí kò ju nǹkan bí nánómítà 100 sí 200 lọ. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti le gbagidi, àwọn ihò yẹn á máa dí, ọwọ́ tó ń mú ṣúgà náà á sì dínkù. Ẹ̀dọ̀ eku tó dá ṣáṣá nínú láàbù kò jọ ti ẹni tó ti ń ṣàìsàn láti ogún ọdún.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé tenofovir tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ àtúnṣe. Tenofovir lásán kì í gba ìfun kọjá dáadáa. Wọ́n so nǹkan mọ́ ọn, ó di èyí tí à ń lò ní mílígíráàmù 300. Wọ́n tún wá so nǹkan mìíràn mọ́ ọn tó jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló ti máa ń tú: mílígíráàmù 25 ti tó. Oògùn tí "tààrà" rẹ̀ ní ẹ̀rí ti wà nílé tẹ́lẹ̀.

Ọmọ_Elewé
Ẹ ò tíì dá ẹ̀yìn-olobe lóhùn.

Apòògùn_Mọ́kọ́lá
Ẹ má bínú. Lọ́dún 1988, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé iṣẹ́ àwọn ará Madras ní Íńdíà jáde. Wọ́n fún ènìyàn 37 tí kòkòrò B wà lára wọn ní ẹ̀yìn-olobe. Àmì kòkòrò náà pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 22 nínú wọn. Nínú 23 tó gba òfìfo, ẹnì 1 ni. Baruch Blumberg gan-an, tó gba Nobel nítorí òun ló ṣàwárí kòkòrò B, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ewé náà. Gbogbo ayé dìde. Àwọn mìíràn wá tún ìdánwò náà ṣe níbòmíràn, wọn kò rí ohun tí àwọn Madras rí. Mi ò bú ìyá yín. Iye ènìyàn ló kéré, ewé ibì kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti ibòmíràn.

Kẹ́místì_Ifẹ̀
Èyí tí èmi ní ìrètí nínú rẹ̀ ni orógbó. Ẹ rántí Maurice Iwu? Ẹni tó di alága INEC, tí wọ́n bú lọ́dún 2007? Kó tó di pé ìbò gbà á lọ́wọ́ ewé, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa oògùn ewé ni, ní Nsukka. Lọ́dún 1985 ó tẹ iṣẹ́ kan jáde pé àwọn èròjà orógbó, kolaviron àti àwọn ará ilé rẹ̀, dáàbò bo ẹ̀dọ̀ eku lọ́wọ́ oríṣiríṣi oró, oró olú tí àǹtí Peckham sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà nínú wọn. Ilé kan náà tí silibinin ń ṣọ́! Lẹ́yìn náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n Farombi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdí ọ̀rọ̀ kolaviron.

Ṣùgbọ́n eku ni, eku ṣì ni. Kolaviron tóbi, kì í yọ́ mọ́ omi dáadáa, kò sì tíì rí olùtúnṣe bí silibinin ti rí. Ní Ítálì, wọ́n fi ọ̀rá sóyà kan so silibinin mọ́lẹ̀ kó lè gba ìfun kọjá. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú lára kolaviron, ṣúgà á tẹ̀ lé e bí owó bá wà.

Àbẹ̀kẹ́_Òṣogbo
Ẹ ṣeun gan-an. Mo gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀: curcumin, piperine. Kò sí ṣúgà, kò sí ọ̀rá sóyà. Mo tún bi í bóyá ara rẹ̀ le. Ó ní ìtọ̀ òun ti pọ́n bí kókà-kólà láti ọjọ́ mẹ́rin, òun rò pé òòrùn ni.

Apòògùn_Mọ́kọ́lá
Kó dá kápúsù yẹn dúró NÍSINSÌNYÍ. Tenofovir kó máa lò lọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe lọ́la, kí ẹ mú ike náà dání. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ìròyìn ènìyàn 10 jọ tí ata ilẹ̀ pupa oníkápúsù ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Àwọn 5 dèrò ilé ìwòsàn, ẹnì 1 kú. Púpọ̀ nínú wọn ní àmì ìran kan náà nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n bá piperine nínú díẹ̀ lára àwọn kápúsù náà. Ti inú ọbẹ̀ kọ́ là ń sọ o.

Nọ́ọ̀sì_Peckham
Àbẹ̀kẹ́, ẹ wo ẹyinjú rẹ̀ níta, nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Òṣogbo
*(ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)*
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ márùn-ún. Iye ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn àmì pé ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́, ga gan-an nígbà tí a dé, ó ti ń já wálẹ̀ báyìí, ìtọ̀ rẹ̀ ti mọ́. Dókítà ní òun ò lè búra bóyá kápúsù ni tàbí kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un kò gbé fóònù mọ́.

Olóríkunkun
Ẹ kú ewu. Mi ò ní yẹ̀yẹ́ kankan láti ṣe lónìí.

Ọmọ_Elewé
A dúpẹ́ o. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní kí n bi ará Ifẹ̀ bóyá ó nílò orógbó, pé àwọn lè bá a rí èyí tí kò tíì gbó jù.

Kẹ́místì_Ifẹ̀
Ẹ bá mi kí màámi. Kílò 2 ti tó. Kí wọ́n bó o, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì sá a síbi tí atẹ́gùn wà, kí òòrùn má kàn án. Èmi á fi wákàtí 24 yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò kí n tó fi acetone fa kolaviron jáde. Ẹ sọ iye rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n owó akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ pè é.